Ta Ló Lè Fọwọ́ Sí I Kí Wọ́n Dá Àgbàlagbà Dúró ní Ọsibítù?

Mo mọ̀ pé iye tí wọ́n ń ta iṣu àti gàrí lẹ ń retí. Ó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wọlé sí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, mi ò sì fẹ́ kó sùn síta.

Ìyá kan ló ní kí akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn bá òun kọ ọ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti pé ọdún 26. Ó tó bí oṣù mẹ́ta tí ọmọ náà kì í fi bẹ́ẹ̀ sùn mọ́. Ó ń bá ẹni tí ojú kò rí sọ̀rọ̀, ó pa oko tì, ó sì ń kọ oúnjẹ torí ó ní wọ́n ti fi nǹkan sí i. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó ní kí wọ́n gbé e lọ sí ibi tí wọ́n á ti dá a dúró kí wọ́n lè tọ́jú rẹ̀. Bàbá ọmọ ti kú. Àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ ní àwọn ò gbà. Wọ́n ní ọmọ àwọn ni, àwọn ló máa sọ ibi tó ń lọ, ibi tí wọ́n sì ní lọ́kàn ni ilé oníṣègùn kan tí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ èèyàn há inú igi. Ìyá wá béèrè pé: “Ṣé èmi obìnrin lè mú un lọ? Bí mo bá fọwọ́ sí i, ṣé òfin á mọ̀ mí?”

Ẹ jẹ́ ká tú u wò pa pọ̀. Kẹ́ ẹ tó sọ pé ọ̀rọ̀ wèrè ni, pé kò kàn yín, ẹ rántí bàbá tí àrùn rọpárọsẹ̀ gbé ṣubú lóko, tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ rántí ọ̀dọ́mọkùnrin tó jábọ́ lórí zém lójú títì Glazoué, tó dákú. Ẹ rántí ìyá àgbà tí ìgbàgbé ti mú, tó ń jáde lóru, tó ní òun ń lọ sílé bàbá òun. Àgbàlagbà ni gbogbo wọn, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó lè dá ìpinnu ṣe lọ́jọ́ yẹn. Ibi tí gbogbo wọn ti ń pàdé ni ẹnu ọ̀nà ọsibítù, níbi tí wọ́n ti ń béèrè pé: ta ni ẹni rẹ̀?

Mo ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà bẹ́ẹ̀ rí. Èèyàn mẹ́fà ló tẹ̀ lé aláìsàn wá. Gbogbo wọn ló lóhùn nílé, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé ìwé jáde, kálukú ń wo bàtà ara rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá kọ orúkọ ni wọ́n á bi ní owó. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: nínú ẹbí wa, àṣẹ máa ń pọ̀ lẹ́nu, ìfọwọ́sí ló máa ń wọ́n.

Ibi tí òfin ti bẹ̀rẹ̀ ni ọdún 18. Òfin wa lórí ènìyàn àti ẹbí, èyí tí àwọn akọ̀wé ń pè ní Code des personnes et de la famille, òfin 2002-07 ti ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2004, sọ pé ẹni tó bá ti pé ọdún 18 ti di àgbà. Kó tó pé e, bàbá àti ìyá ló jọ ní àṣẹ lórí rẹ̀, àwọn méjèèjì. Tó bá ti pé e, àṣẹ yẹn ti tán. Kì í ṣe ti bàbá mọ́, kì í ṣe ti ìyá, kì í ṣe ti àbúrò bàbá, kì í sì í ṣe ti ọkọ. Òun ló ni ara rẹ̀. Mo mọ̀ pé èyí le létí wa, torí ẹni 40 ọdún ṣì jẹ́ ọmọ lójú ìyá rẹ̀. Ọmọ ni lóòótọ́. Àmọ́ nílé ìwòsàn àti nílé ẹjọ́, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ bi.

Àìsàn kì í sì í gba ẹnu lọ́wọ́ èèyàn pátápátá lọ́jọ́ kan. Ẹni tí orí rẹ̀ dàrú lálẹ́ lè gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa láàárọ̀. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa ṣe ni pé kẹ́ ẹ bi í. Ẹ yan ẹni kan tó fọkàn tán, ì báà jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ì báà jẹ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin, kí ẹni yẹn sọ fún un ní ohùn pẹ̀lẹ́ pé: “Mo rí i pé o ò sùn. Jẹ́ ká lọ rí dókítà. Èmi náà á wà níbẹ̀.” Bó bá gbà, kò sí ẹni tó tún nílò àṣẹ ẹlòmíì. Ẹ má ṣe parọ́ fún un pé ibi ìgbéyàwó lẹ ń lọ. Tó bá débẹ̀ tó rí i pé ọsibítù ni, kò ní í gbà yín gbọ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ ṣì máa nílò ìgbàgbọ́ yẹn lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó lo oògùn.

Tí kò bá wá lè dáhùn ńkọ́? Tó bá dákú, tàbí tó fẹ́ ṣe ara rẹ̀ léṣe, tàbí tó gbé àdá lé ẹlòmíì lórí? Èyí kò ní ìjíròrò. Ẹni tó bá wà nítòsí ni kó gbé e lọ. Ẹ má dúró de ẹ̀gbọ́n tó wà ní Cotonou, ẹ má dúró de olórí ẹbí tó lọ sí Nàìjíríà. Aládùúgbò lè gbé e lọ, oní zém tó bá a lójú ọ̀nà lè gbé e lọ. Dókítà tí ẹ̀mí èèyàn wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í dúró de ìfọwọ́sí ẹbí kó tó gbà á là. Ìwé á tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Kí ni ìwé tẹ́ ẹ ń fọwọ́ sí yẹn pàápàá? Ọ̀pọ̀ rò pé ẹni tó bá fọwọ́ sí i ti di olówó aláìsàn. Rárá. Ó ń jẹ́rìí pé òun ló mú un wá, pé òun gbà kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, àti pé òun lẹ máa pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ tàbí tí owó bá kù. Ẹbí lè mú èèyàn wá, ẹbí lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbà á, ṣùgbọ́n dókítà ló máa sọ bóyá ó yẹ kó gba bẹ́ẹ̀dì tàbí kó gba oògùn kó padà sílé. Ẹni tó ń jà pé “èmi ni mo ní àṣẹ” lè dé ọ̀dọ̀ dókítà kí dókítà sọ fún un pé aláìsàn yìí kò nílò ìdádúró rárá.

Ẹ jẹ́ n wá padà sí ìbéèrè ìyá náà, torí ibẹ̀ ni àríyànjiyàn wà. Wọ́n á ní àṣà ni pé ìhà bàbá ló ń sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1931, nígbà tí Faransé ń ṣàkóso Dahomey, wọ́n kó àwọn àṣà jọ sínú ìwé kan tí wọ́n pè ní Coutumier du Dahomey. Ìwé yẹn sọ pé obìnrin kò ní agbára kankan lójú òfin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kà á mọ́ ẹrù ọkùnrin. Ní tèmi o, mo rò pé púpọ̀ nínú ohun tá a fi ń pa obìnrin lẹ́nu mọ́ lónìí, inú ìwé àwọn òyìnbó yẹn ló ti gba okun ju inú àwọn òkè wa yìí lọ. Àwa tí ìyá wa ń tajà ní Glazoué tí wọ́n sì fi owó rẹ̀ rán wa níléèwé, a mọ ẹni tó ń dá ìpinnu ṣe nílé. Bó ti wù kó rí, òfin ọdún 2004 ti yanjú rẹ̀. Abala 1030 sọ pé àṣà kò ní agbára òfin mọ́ lórí ohunkóhun tí òfin náà bá ti sọ̀rọ̀ lé. Kò síbi tí òfin náà ti ní kí ìyá gba ìyọ̀ǹda àbúrò ọkọ rẹ̀ kó tó gbé ọmọ rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn.

Síbẹ̀, ẹ má gbọ́ mi ṣì. Mi ò sọ pé kí ìyá pa ẹbí tì. Àìsàn tó máa ń pẹ́, èèyàn kan kì í dá a gbé. Tí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ kan méjì, tó wá di pé ẹni yẹn kò lè bójú tó ara rẹ̀ àti ohun ìní rẹ̀ mọ́, nígbà yẹn ni ẹ máa nílò alágbàtọ́ tí òfin mọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní tuteur. A kì í fi ẹnu lásán yan alágbàtọ́. Ẹ máa pe ìpàdé ẹbí, ìhà bàbá àti ìhà ìyá. Ẹ máa kọ ohun tẹ́ ẹ sọ sílẹ̀: ọjọ́, orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀, ẹni tẹ́ ẹ yàn àti ìdí tẹ́ ẹ fi yàn án, kí kálukú fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ so ẹ̀dà CIP yín mọ́ ọn. Procès-verbal nìyẹn. Ẹ máa mú ìwé dókítà tó sọ bí ara aláìsàn ṣe rí lọ́wọ́, kẹ́ ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ agbègbè wa. Tẹ́ ẹ ò bá mọ ọ̀nà ibẹ̀, àwọn tó wà ní mèrí Dassa á júwe fún yín. Adájọ́ ló máa yẹ̀ ẹ́ wò, òun ló sì máa fi òǹtẹ̀ lù ú. Láìsí ọwọ́ adájọ́, àdéhùn ẹbí ni ìwé yẹn, kò tíì sọ ẹnikẹ́ni di alágbàtọ́.

Ẹ lè ní kí ló kan adájọ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ kan náà. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ìgbà wo la máa ń tètè rí i pé orí àbúrò wa ti yí? Ẹ wò ó tí owó kájú bá gbówó lórí. Èèyàn kan ní hẹ́kítà mẹ́ta kájú, ó ń dá sọ̀rọ̀ díẹ̀, kò fẹ́ràn àwùjọ, ọdún mẹ́wàá nìyẹn, kò sẹ́ni tó gbé e lọ síbì kankan. Lọ́dún tí olùrà dé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá ní àìsàn ọpọlọ ni, kó lọ gba ìtọ́jú lọ́nà jíjìn, kí òun bá a mójú tó oko. Mo sọ ọ́ bí àpẹẹrẹ ni o, ẹ má wo ojú ara yín. Nítorí irú èyí ni òfin fi ní kí ẹlòmíì tí kò jẹ nínú oko wo ọ̀rọ̀ náà. Alágbàtọ́ ń bójú tó ni, kì í ṣe pé ó jogún. Owó tó bá wọlé láti inú oko aláìsàn, oògùn aláìsàn ló kọ́kọ́ ni ín. Alágbàtọ́ gbọ́dọ̀ lè ṣe ìṣirò rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ta ilẹ̀ lórí ara rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń yan alágbàtọ́, ẹ wo ẹni tó ń gbé omi fún aláìsàn mu, ẹ má wo ẹni tó mọ ìdiwọ̀n ilẹ̀ rẹ̀.

Àṣẹ láti mú èèyàn wọ ọsibítù kò sì jẹ́ àṣẹ láti fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Èyí kò yàtọ̀ níbòmíì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ ní London, òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 1983 ní kí dókítà méjì wo aláìsàn kí wọ́n tó dá a dúró lòdì sí ìfẹ́ rẹ̀, àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ 28 lọ. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, alágbàtọ́ tí kóòtù yàn pàápàá kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ nìkan fi ẹni tó ń tọ́jú sí ọsibítù ọpọlọ tí ẹni náà bá ń kọ̀. Ó gbọ́dọ̀ padà síwájú adájọ́. Àwọn ará Nàìjíríà lo òfin wèrè tó ti wà láti ìgbà òyìnbó, láti 1916, fún ọdún tó lé ní ọgọ́rùn-ún, kí Ààrẹ Buhari tó fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ ní oṣù kìíní 2023. Ilẹ̀ Benin náà fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara ní 2012, a sì ṣe òfin tiwa, òfin 2017-06, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án 2017. Àdéhùn yẹn sọ pé jíjẹ́ aláàbọ̀ ara kò lè jẹ́ ìdí láti gba òmìnira lọ́wọ́ èèyàn.

Ó wá kan igi àti ṣẹ́ẹ̀nì. Níbí ni mi ò ti ní í fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Kò sí ẹni tó ní àṣẹ yẹn. Ìyá kò ní in, àbúrò bàbá kò ní in, alágbàtọ́ tí adájọ́ yàn kò ní in, oníṣègùn kò ní in, pásítọ̀ kò ní in. Dídè èèyàn mọ́lẹ̀ fún oṣù àti ọdún, ẹ̀ṣẹ̀ ni lójú òfin, kódà bí gbogbo ẹbí bá fọwọ́ sí i. Ní 2020, àwọn Human Rights Watch gbé ìwé kan jáde tó fi hàn pé wọ́n ń ṣe é ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 60, kì í ṣe tiwa nìkan.

Ẹ ti lè gbọ́ orúkọ Grégoire Ahongbonon. Ọmọ Benin ni. Kì í ṣe dókítà. Iṣẹ́ táyà ló ń ṣe tẹ́lẹ̀ ní Bouaké, ní Côte d’Ivoire. Òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn tí ẹbí wọn so mọ́ igi sílẹ̀, tó dá ẹgbẹ́ Saint-Camille sílẹ̀, tí ẹgbẹ́ náà sì ní ibùdó nílẹ̀ wa níbí, ní Avrankou, ní Bohicon, ní Djougou. Ohun tó yà mí lẹ́nu nípa iṣẹ́ rẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀, aláìsàn làwọn náà tẹ́lẹ̀.

Mi ò bá oníṣègùn ìbílẹ̀ jà o. Ní 1954, ní Aro lẹ́bàá Abẹ́òkúta, Dókítà Adéoyè Lambo ṣe ohun tí àwọn òyìnbó wá kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ti gbogbo aláìsàn mọ́ inú ọsibítù. Ó gba ilé fún wọn ní àwọn abúlé tó yí ọsibítù ká, ó ní kí ẹbí kan ó kéré tán bá aláìsàn wá, kó máa se oúnjẹ fún un, kó máa mú un lọ gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, kí wọ́n padà sábúlé lálẹ́. Ó sì bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Tí mo bá ń ronú nípa àṣẹ ẹbí, Aro ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ẹbí tó bá wà níbẹ̀, tó ń rí i bí oògùn ṣe ń ṣe é, tó ń bi dókítà ní ìbéèrè, tó sì ń mú un padà wálé, ẹbí yẹn ló lo àṣẹ rẹ̀. Ẹni tó fọwọ́ sí ìwé tó wọ mọ́tò lọ, tí kò padà wá mọ́, ó kàn ju èèyàn nù ni.

Ìyá, ó yá, ìdáhùn yín rèé. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lè mú un lọ, òfin sì mọ̀ yín. Ní àárọ̀ ọ̀la, nígbà tí ara rẹ̀ bá silẹ̀ díẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi òun fúnra rẹ̀. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó wò ó, kó kọ ohun tó rí síbẹ̀. Ìtọ́jú ọpọlọ wà ní ọsibítù ńlá Parakou, ó sì wà ní Jacquot ní Cotonou. Dassa wà láàárín méjèèjì, ọ̀nà jẹ́ bí igba kìlómítà síhà kọ̀ọ̀kan. Kẹ́ ẹ tó wọkọ̀, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì bá yín fi fóònù béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń gba èèyàn àti iye tí wọ́n máa kọ́kọ́ gbà. Ẹ mú CIP yín àti tirẹ̀, ẹ mú oògùn èyíkéyìí tó ti lò, títí kan àgbo, kẹ́ ẹ má fi pamọ́ fún dókítà. Ẹ mú ẹnì kejì dání tó lè sùn tì í, torí ẹ̀yin nìkan kò ní í lè ṣe é. Tí wọ́n bá gbà á, ẹ béèrè ọjọ́ tẹ́ ẹ máa padà wá àti oògùn tó máa lò nílé, nítorí nílé ni oògùn ti sábà máa ń tán tí àìsàn fi ń padà.

Àwọn àbúrò ọkọ yín sì ńkọ́? Ẹ pe ẹni tó dàgbà jù nínú wọn, ẹ ní kó bá yín lọ. Ẹ má ní kó gbà fún yín, ẹ kàn ní kó tẹ̀ lé yín kó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu dókítà fúnra rẹ̀. Tó bá kọ̀, tí wọ́n sì fẹ́ fi agbára gbé ọmọ náà lọ sídìí igi, ẹ lọ bá chef d’arrondissement wa, tàbí kẹ́ ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn Guichet unique de protection sociale ní Dassa, èyí tí wọ́n ń pè ní Centre de promotion sociale tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti bá ẹbí sọ̀rọ̀, wọn kì í sì í gba owó lọ́wọ́ yín torí ẹ bẹ̀ wọ́n wò.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ olùgbọ́, tẹ́ ẹ bá pa rédíò, ẹ bi ara yín léèrè lálẹ́ òní: bí ó bá jẹ́ èmi ni ọ̀rọ̀ kò lè jáde lẹ́nu mi lọ́la, ta ni mo fẹ́ kó sọ̀rọ̀ fún mi? Ẹ sọ orúkọ ẹni náà sétí èèyàn méjì, tàbí kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ fi ìdáhùn tàbí ìbéèrè yín rán akọ̀wé, a óò kà á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wá kọjá sí ọjà Glazoué, ká gbọ́ bí iṣu ṣe rí ní Wednesday yìí.